Bí iṣẹ́ àrà ṣe ń di rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé

Ní ọjọ́ 24 oṣù July 2022, ní ìlú Eugene l'Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ìdènà. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ló fi sá a. Nígbà tí àṣekágbá dé, ó sá a ní 12.06, ó sì gba wúrà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé 12.06 ló yá jù. Síbẹ̀, 12.12 ni World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré orí pápá lágbàáyé, kọ sínú ìwé. Òun ló gba ipò lọ́wọ́ 12.20 tí Kendra Harrison, ará Amẹ́ríkà, ti fi lélẹ̀ láti 2016.

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Nínú eré àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti àwọn eléré lẹ́yìn jẹ́ mítà 0.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní àṣekágbá, ó ti di 2.5, òfin ò sì gbà ju 2.0 lọ. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà sí, ní ibi tó ku mítà 50 kí eléré dé òpin. Gíga rẹ̀ kúrò nílẹ̀ jẹ́ mítà 1.22, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ojú ọ̀nà eré ju mítà méjì lọ. Gbàrà tí ìbọn bá ti dún ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún eré onígi ìdènà yìí, ìṣẹ́jú àáyá 13 ló fi ń wọn afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá wo ìpíndọ́gba rẹ̀. Wúrà kò kúrò lọ́wọ́ Tóbi, torí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ sáré lọ́jọ́ náà ni afẹ́fẹ́ yẹn ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tí ènìyàn ń bá díje lè ti sá tirẹ̀ nílùú mìíràn, lọ́dún mìíràn, lábẹ́ ojú ọjọ́ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo wọn, bó ti wù kó dunni tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà l'Àbújá, ní Kánò àti ní Jos gan-an. Láti ìgbà tí Hilda Baci ti dáná fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko l'Ékòó ní May 2023, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń wá ohun tí wọn yóò fi wọ ìwé Guinness. Agbára kì í sábà wọ́n wọn. Ẹ̀rí ni kì í pé.

Kò sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń tọ́jú gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù ayé. Eré orí pápá wà lọ́wọ́ World Athletics. Ọ̀rọ̀ ooru, òtútù àti mànàmáná wà lọ́wọ́ WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, láti orí oúnjẹ dórí èékánná gígùn, ló ń lọ sọ́dọ̀ Guinness World Records ní London. Kálukú ló ní òfin tirẹ̀.

Bí eléré kan bá sá eré tó yá ju ti gbogbo ayé lọ ní pápá Moshood Abíọ́lá l'Àbújá lónìí, wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn yóò yẹ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wò, wọn yóò yẹ àwòrán kámẹ́rà orí ìlà ìparí wò, wọn yóò sì rí i dájú pé aago bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn gẹ́lẹ́. Wọn yóò yẹ ara eléré náà wò bóyá ó lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Bí àyẹ̀wò yẹn ò bá sí, kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ti eré Máratọ́ọ̀nì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eliud Kipchoge, ará Kẹ́ńyà, fi wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 sá a ní Vienna ní October 2019. Kò wọ ìwé, nítorí òun nìkan ni wọ́n ṣètò eré náà fún, àwọn asáré mìíràn ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti máa ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ kan sì ń la ọ̀nà fún un. Nígbà tí Kelvin Kiptum, ọmọ ìlú rẹ̀, sá tirẹ̀ ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ní Chicago ní October 2023, òun ni wọ́n kọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Vienna yá jù ú lọ.

Ibì kan wà tí òfin yìí kò tẹ́ni lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, kì í dí eléré lọ́wọ́ tó ti ilẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Jos ga ju mítà 1,200 lọ sí ojú òkun, Mexico City sì ga tó 2,240. Ibẹ̀ ni Bob Beamon, ará Amẹ́ríkà, ti fo mítà 8.90 nínú ìdíje fífò jìnnà ní 1968, àfi ìgbà tó di 1991 kí ẹnikẹ́ni tó fo jù ú lọ. World Athletics kì í kọ̀ láti gba rẹ́kọ́ọ̀dù nítorí gíga ìlú. Bí wọ́n bá lè ka afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn sí ìrànlọ́wọ́ tí kò tọ́, ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí ti orí òkè fi yàtọ̀.

Ti ojú ọjọ́ ló jẹ́ ká rí i pé rẹ́kọ́ọ̀dù lè bọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá gbé Sókótó tàbí Màídúgùrì nínú oṣù April mọ ohun tí ooru ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló máa ń ya àwòrán ẹ̀rọ ooru inú ọkọ̀ tó ń fi 50 hàn. WMO kò ní wo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ooru irin ọkọ̀ àti ti ọ̀dà títì ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ooru ni inú àpótí funfun tí ara rẹ̀ ní àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí oòrùn kò lè tàn sí ẹ̀rọ inú rẹ̀, tó sì ga díẹ̀ ju mítà kan lọ sí ilẹ̀. Irú rẹ̀ ni NiMet, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tí oríkò rẹ̀ wà l'Àbújá, ń lò. Ní September 1922, ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní El Azizia ní Líbíyà pé ooru dé ìwọ̀n 58 lórí Celsius. Àádọ́rùn-ún ọdún ni gbogbo ayé fi ń kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ WMO padà lọ tú ìwé àtijọ́ náà wò, wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ka ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ó sì lè fi bí ìwọ̀n méje ṣì í kà. Ní 2012, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìwọ̀n 56.7 ti Death Valley l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní July 1913, ló bọ́ sí ipò rẹ̀.

Ní ti Guinness, iyàn lásán ló bí i. Ní 1951, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọtí Guinness, Sir Hugh Beaver, lọ ṣọdẹ ní Ireland, òun àtàwọn tí wọ́n jọ lọ sì ń jiyàn lórí ẹyẹ tó yára jù ní Yúróòpù. Kò sí ìwé tó lè parí iyàn náà. Ó gbé iṣẹ́ kíkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìbejì kan, Norris àti Ross McWhirter, ìwé àkọ́kọ́ sì jáde ní August 1955.

Kí Guinness tó gba ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀n, ó gbọ́dọ̀ ṣeé borí, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe bákan náà níbikíbi láyé, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká wo Dọ́bà Kánò, ayẹyẹ ẹṣin gígùn tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá ní 2024. Kò sẹ́ni tó lè gba rẹ́kọ́ọ̀dù pé òun ni Dọ́bà òun rẹwà jù, torí ẹwà ò ní òṣùwọ̀n. Iye ẹṣin tó wà lórí pápá kan ní wákàtí kan ṣeé kà. Bákan náà ni ti ọdún ẹja pípa ní Argungu: ẹja tó wúwo jù ṣeé gbé sórí ìwọ̀n, ọgbọ́n apẹja ò ṣeé gbé. Àwọn ohun kan sì wà tó lè pa ènìyàn lára tí wọn kì í gbà. Àtọdún 1997 ni wọn ò ti ka ẹni tó pẹ́ jù láìsùn mọ́.

Ìwé ìbéèrè ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, èsì rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó bá fẹ́ kó yá lè san owó ìkánjú, ṣùgbọ́n kíákíá nìkan ni owó yẹn ń rà, kì í ra ìdájọ́. Bí wọ́n bá gbà, wọn yóò fi ìlànà ránṣẹ́, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kà tán kó tó ṣe ohunkóhun. Ní July 2023, Guinness fúnra wọn ní láti bẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó dunni láti rí ọ̀dọ́ tó fi ọjọ́ mẹ́ta fìyà jẹ ara rẹ̀ lórí ohun tí kò sẹ́ni tó fún un ní ìlànà rẹ̀.

Èyí tó gba àlàyé jù ni àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe. Ká ní ẹgbẹ́ onílù kan ní Kúbwa fẹ́ lu gángan fún wákàtí 96. Fún wákàtí kan tó bá pé, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìsinmi tó tọ́ sí wọn. Wọ́n lè sinmi lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ kó máa pọ̀ sí i. Lẹ́yìn wákàtí 24, ìṣẹ́jú 120 ni, wákàtí méjì péré. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti sùn, nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti lọ sí ilé ìyàgbẹ́, nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti pààrọ̀ aṣọ. Wọn ò lè yá ìsinmi ti ọ̀la lò lónìí. Ibẹ̀ ni Hilda Baci ti pàdánù. Wákàtí 100 ló dáná, àmọ́ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀kan nínú ìsinmi rẹ̀ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá èyí tó tọ́ sí i. Ohun tí Guinness yọ lé ní wákàtí mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje. Wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ló wọ ìwé ní June 2023. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45 ni èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí onílù náà, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ jókòó ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Fún wákàtí 96, ìjókòó ẹlẹ́rìí 48 nìyẹn. Aago mẹ́ta òru ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: ẹni tó yẹ kó wá gbaṣẹ́ láti Nyanya ò tíì dé, èyí tó wà nílẹ̀ ti ń tòògbé, ìwé tó yẹ kó kọ orúkọ àti aago sí wà lófìfo. Fídíò náà gbọ́dọ̀ ká gbogbo rẹ̀ láìdá dúró, kí aago sì máa hàn nínú rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, òkùnkùn yẹn yóò wà nínú ẹ̀rí. Kámẹ́rà méjì tó ń lo bátìrì tirẹ̀ wúlò ju ọ̀pá àsíá àti àwọn olórin tí wọ́n máa ń náwó lé.

Ti oúnjẹ rọrùn díẹ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí Hilda sè l'Ékòó ní September 2025 wọn kílò 8,780. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń kà, ìwọ̀n ìkòkò kò sí nínú rẹ̀. Bí àwọn olóúnjẹ Kánò bá fẹ́ ṣe tùwó tó tóbi jù, wọ́n ní láti wá síkéèlì tó ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí àwọn tó máa jẹ ẹ́ tán, torí Guinness kì í fàyè gba ìfoúnjẹṣòfò.

Bí ẹ̀rí bá ti lọ, ìdúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan tún kù. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń fún ẹni tó bá yege, wọn kì í fún un lówó. Iye tó yẹ kí ènìyàn borí sì lè yí padà kí ọjọ́ tó pé. Ní November 2023, Alan Fisher, ará Ireland tó ń dáná ní Japan, ti gbé ti Hilda dé wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57. Túndé Onakoya ta ayò chess fún wákàtí 60 ní New York ní April 2024. Nígbà tó fi máa padà síbẹ̀ ní April 2025, àwọn ará Norway méjì ti kọjá wákàtí 61, òun àti Shawn Martinez sì ní láti ta á dé 64. Nítorí náà, ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọ inú àkáǹtì tí wọ́n fi kọ̀wé sí Guinness, kó tún yẹ iye tó wà nílẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi wákàtí bíi mélòó kan kún èyí tí wọ́n pinnu tẹ́lẹ̀.