Ta ni "third party" nínú ìnṣọ́ránsì mọ́tò?

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wa Camry bọ̀ láti ọ̀nà Ìlọrin, ó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó dé Tákíé, bíréèkì kò tètè mú, ló bá lọ kọlu Corolla olùkọ́ kan lẹ́yìn. Báńpà já, iná ẹ̀yìn fọ́, búùtù wọnú. Kíá lèrò ti pé jọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ ṣàánú mi." Àgbàlagbà kan á dá sí i: "Ìyáa wa, ẹ forí jì í, ọmọ yín náà ni." Olùkọ́ á gba owó díẹ̀ tí kò lè ra báńpà, tàbí kó má gba kọ́bọ̀, á wá fi owó oṣù rẹ̀ lọ bá panẹ́bítà. Bẹ́ẹ̀ ìwé kan wà láàárín páátíkúlà Camry yẹn tó jẹ́ pé nítorí irú ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe gbowó rẹ̀. Ìwé third party ni.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé mọ́tò àwọn ni ìwé yẹn wà fún. Rárá o. Nínú àdéhùn ìnṣọ́ránsì, ẹ̀yin tí ẹ sanwó ni ẹnì kìíní, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ẹnì kejì. Ẹnì kẹta, ìyẹn third party, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń tọwọ́ bọ̀wé, ẹ kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tí mọ́tò yín bá ṣe léṣe tàbí tó ba nǹkan ìní rẹ̀ jẹ́ ni: olùkọ́ tó ni Corolla, ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì, ọlọ́kadà, onílé tí ẹ wó ògiri rẹ̀. Tí ẹ̀bi bá jẹ́ tiyín, òun ni iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa sanwó fún. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó sọ ìnṣọ́ránsì yìí di dandan, nítorí ẹni tí mọ́tò lè pa lára ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Ó ń dùn mí pé àwọn gan-an tí òfin náà ń gbèjà ni kò mọ̀ pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan.

Èló ni? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ti gbé owó third party ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún. Àwọn èèyàn kùn gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà lè ṣe pọ̀ sí i: iye tí wọ́n lè san lórí ohun ìní ẹlòmíì tí ẹ bà jẹ́ kúrò ní mílíọ̀nù kan, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ọ̀kadà ń san ₦3,000, mílíọ̀nù kan ni tirẹ̀ mọ. Kẹ̀kẹ́ márúwá ń san ₦5,000, mílíọ̀nù méjì. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń gba owó ẹrù ń san ₦100,000, mílíọ̀nù márùn-ún. Tí ohun tí ẹ bà jẹ́ bá ju iye yìí lọ, àpò yín ni ìyókù ti máa jáde.

Camry ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Òun ló máa tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí iléeṣẹ́ tún mọ́tò tirẹ̀ náà ṣe ní láti ra comprehensive, NAICOM sì ti sọ pé owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí mọ́tò bá tó. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́fà, ó kéré tán ₦300,000 lọ́dún. Ẹ béèrè kí ẹ tó san án bóyá iye kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ dá nínú owó àtúnṣe. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni third party tí wọ́n fi iná àti olè kún: wọ́n á sanwó tí mọ́tò yín bá jóná tàbí tí wọ́n jí i, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi kọlu igi, ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn.

Ẹ ò lè rà á láwìn. Òfin ni pé bí owó kò bá tíì wọlé, ìnṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ bá sì pé tí ẹ kò san tuntun, ìwé lásán ló kù lọ́wọ́ yín.

Ayédèrú tún wà níta, ó sì pọ̀. Ẹni tó bá bá yín ṣe páátíkúlà ní kíákíá lè fún yín ní ìwé tó mọ́ lójú tí iléeṣẹ́ kankan kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ lọ sí ìkànnì askniid.org lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín sí i, ẹ wò ó bóyá ó máa jáde. Àwọn ọlọ́pàá ti kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn á ti máa yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri Nàìjíríà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdí tó ju ọlọ́pàá lọ ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbá ènìyàn, ayédèrú kò ní san owó ilé ìwòsàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gba owó yìí ló ṣòro jù níbí, nítorí àṣà wa. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ kí ẹni náà pẹ̀lẹ́, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn, ẹ tọrọ àforíjì bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹ má dá iye owó kankan fún un lójú títì, ẹ má sì tọwọ́ bọ ìwé pé ẹ máa san báyìí báyìí. Iléeṣẹ́ ni yóò san án, àdéhùn yín pẹ̀lú wọn sì sábà máa ń sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí lórúkọ wọn. Ẹ ya fọ́tò mọ́tò méjèèjì kí wọ́n tó gbé wọn kúrò, kí nọ́ńbà hàn. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ sì tètè fi tó iléeṣẹ́ yín létí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n kọlù, ẹ ní kí awakọ̀ náà fi ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ hàn yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà ìwé wà lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ máa kọ̀wé sí, pẹ̀lú iye tí panẹ́bítà bá kọ sílẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n lè sọ fún pé kò sówó. Ẹni tó ra ti ọkọ̀ àdáni tó wá ń fi mọ́tò náà ṣe kabúkabú lọ Ìlọrin tàbí Ọ̀yọ́. Ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì. Ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó gbà pé ìnṣọ́ránsì tó bá nínú rẹ̀ ti di tirẹ̀: orúkọ ẹni tó tà á ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ gba tiyín lórúkọ yín kí ẹ tó gbé mọ́tò náà jáde.