Bí A Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Ṣírò Ohun tí Àgùntàn Jẹ Nínú Pápá

Bí àgùntàn bá wà nínú ilé ẹran, kò nira láti mọ ìwọ̀n ohun tó jẹ. A ó gbé koríko lé òṣùwọ̀n kí a tó gbé e síwájú rẹ̀, a ó wọn èyí tó jẹ kù, a ó kó ìgbẹ́ rẹ̀ jọ, a ó gbẹ omi ara rẹ̀ tán, a ó sì wọn òun náà; ohun tó gba ẹnu wọlé tí kò bá ìgbẹ́ jáde ni a kà sí ohun tó dà nínú ikùn rẹ̀. Irú ìṣirò yìí ni Wilhelm Henneberg àti Friedrich Stohmann sọ di iṣẹ́ tó ní ìlànà ní ibùdó ìwádìí Weende, nítòsí Göttingen ní Jámánì, ní àwọn ọdún 1860, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ màlúù.

Ṣùgbọ́n bí ẹran bá ti jáde lọ sí pápá, òṣùwọ̀n kò lè bá a lọ mọ́. Àwọn kan gé koríko apá kan pápá kí ẹran tó wọ ibẹ̀, wọ́n sì tún gé e lẹ́yìn tó kúrò, wọ́n wá yọ ìwọ̀n kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà náà wúlò fún agbo ẹran lápapọ̀, àmọ́ kò sọ ohun tí àgùntàn kan ṣoṣo jẹ, koríko pàápàá kò sì dúró de ẹnikẹ́ni: bí ẹran ti ń jẹ ẹ́ ló ń hù.

Ohun kan ṣoṣo tí àgùntàn fi sílẹ̀ fún olùwádìí ni ìgbẹ́, òun náà sì ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́. Bí a bá mọ ìwọ̀n ìgbẹ́ tó yà lóòjọ́, tí a sì mọ ìdá tó dà nínú oúnjẹ rẹ̀, a lè ṣírò ohun tó jẹ. Ká ní ìgbẹ́ gbígbẹ rẹ̀ jẹ́ 400 gíráàmù, tí ìdá 70 nínú 100 oúnjẹ rẹ̀ sì dà, a jẹ́ pé 400 yìí ni ìdá 30 tó kù. Ohun tó jẹ yóò jẹ́ nǹkan bí 1,333 gíráàmù. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá 75 ló dà, ohun tó jẹ di 1,600. Àṣìṣe kékeré yẹn nìkan ti fi ìdá kan nínú márùn-ún kún ìdáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìdá tó ń dà ló fa wàhálà jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe kíkó ìgbẹ́.

Láti rí ìgbẹ́ kó, wọ́n so àpò mọ́ ìdí ẹran. Àgbò tí a ti tẹ̀ lọ́dàá ni wọ́n fẹ́ràn láti lò, torí pé ìtọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sínú àpò bíi ti abo. Síbẹ̀ àpò wúwo, ó sì lè yí ìṣe ẹran padà. Ní ọdún 1918, Edin, ará Sweden, dábàá chromic oxide, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tí kì í dà nínú ikùn: bí a bá mọ ìwọ̀n tí a fún ẹran, tí a sì mọ bó ṣe pọ̀ tó nínú ìgbẹ́ díẹ̀ tí a bù, a lè mọ ìwọ̀n gbogbo ìgbẹ́ náà. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í jáde bákan náà ní gbogbo wákàtí, nítorí náà ni wọ́n fi ń fún ẹran lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìgbẹ́. Ní àwọn ọdún 1980 ni kápúsù tí ń jókòó sínú àpòlúkù, tí ń tú ìyẹ̀fun náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dín ìyọnu yìí kù.

Ní ti ìdá tó ń dà, Lancaster ní New Zealand fi hàn ní 1949 pé náítírójìn inú ìgbẹ́ lè sọ ọ́, nítorí pé bí koríko bá ti dà tó ni náítírójìn inú ìgbẹ́ gbígbẹ ń pọ̀ tó. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ìṣirò tó bá pápá kan mu lásìkò kan kì í sábà bá òmíràn mu.

Kí ló dé tí wọn kò kàn gé koríko, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò? Àgùntàn a máa ṣà jẹ ni. Ẹnu rẹ̀ kéré, ètè rẹ̀ ń rìn dáadáa, ewé tútù ló ń wá, ó sì ń fi igi àti èyí tó ti gbẹ sílẹ̀. Ní 1954, Torell ní California ṣe ihò sí ọ̀nà ọ̀fun àgùntàn, kí ohun tó gbé mì lè bọ́ sínú àpò lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Ní 1959, òun àti Weir fi èyí wé koríko tí ènìyàn fi ọwọ́ gé: purotéènì inú ohun tí àgùntàn ṣà pọ̀ ju ti ọwọ́ ènìyàn lọ. Ní 1963, Tilley àti Terry ní Hurley, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ikùn wọ inú ìgò láti mọ ìdá koríko tó ń dà: wọ́n rẹ koríko sínú omi àpòlúkù fún wákàtí 48, wọ́n sì tún fi pepsin, èròjà inú ikùn tí ń da purotéènì, àti ásíìdì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún wákàtí 48 mìíràn.

Ọ̀nà tó wù mí jù ni ti Mayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland, ní 1986. Nínú ìda tó bo ewé ni alkane wà, ìyẹn èròjà tí kábọ́ọ̀nù àti haidirójìn nìkan para pọ̀ di; èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní iye kábọ́ọ̀nù tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 33. Wọ́n fún ẹran ní èyí tó ní 32, tó ṣọ̀wọ́n lára koríko. Méjèèjì ni ìwọ̀n díẹ̀ ń sọnù nínú wọn lójú ọ̀nà, àmọ́ àdánù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; bí a bá fi ọ̀kan wé èkejì nínú ìgbẹ́, àdánù náà pa ara rẹ̀ rẹ́, a sì rí ohun tí ẹran jẹ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ wá ìdá tó dà. Ohun tí ọ̀nà yìí ṣì ń béèrè ni iye alkane inú ewé tí àgùntàn ṣà gan-an, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé koríko láti mọ̀ ọ́n ti padà sínú ìṣòro tí Torell lu ihò sí ọ̀fun ẹran nítorí rẹ̀.