Bí Iléeṣẹ́ Ológun Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ka Tátù Lára Ẹni Tó Fẹ́ Di Ṣọ́jà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìwé gbọọrọ kan wà lára ògiri ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà, pé gbogbo àwòrán tí kò gbọdọ̀ sí lára ṣọ́jà ló wà níbẹ̀. Wọ́n rò pé wọn á kàn wo tátù ẹni tó dé, wọn á wo ìwé: bó bá bá ọ̀kan mu, kó máa lọ sílé; bí kò bá bá ọ̀kankan mu, kó wọlé. Kò sírú ìwé bẹ́ẹ̀ o. Àṣìmọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Òun náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pariwo "báwo lèyí ṣe yọ́ wọlé?" nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá gbé àwòrán ṣọ́jà kan tó ní àmì burúkú lára jáde.

Òfin tó de ìmúra àwọn ológun orí ilẹ̀ níbẹ̀, AR 670-1, kò to àwòrán lẹ́sẹẹsẹ. Ìtumọ̀ ló kà léèwọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín in sí: àmì àwọn alákatakítí, àwòrán tó ń tini lójú, èyí tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, àti èyí tó ń polongo ìkórìíra ẹ̀yà. Irú àmì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ sí níbikíbi, ì báà jẹ́ ibi tí aṣọ bò mọ́lẹ̀.

Ti ìwọ̀n àti ibi tí tátù wà kò le. Rúlà lásán ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní 2014 wọ́n mú òfin náà le: ẹni tó ń bọ̀ wọṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní ju mẹ́rin lọ nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ tóbi tó ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n tú u. Ní oṣù Kẹfà 2022 wọ́n tún fàyè gba ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, tí kò ju ìǹṣì kan lọ, àti ọ̀kan lẹ́yìn ọrùn, ìǹṣì méjì. Ojú ṣì jẹ́ èèwọ̀. Ó parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí rúlà ò lè ṣe ló dùn ún wò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó, kó wo ara ẹlòmíràn, kó sì sọ ohun tí àmì tó wà níbẹ̀ ń wí.

Ká ní ọmọkùnrin kan láti North Carolina bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, tí nọ́ńbà 88 wà léjìká rẹ̀ òsì. Láàárín àwọn tó ń gbé Hitler lárugẹ, H ni lẹ́tà kẹjọ nínú ABD àwọn òyìnbó, nítorí náà 88 ni HH, kíkí tí wọ́n máa ń kí Hitler. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ti bí Dale Earnhardt Jr., awakọ̀ eré ìje táwọn èèyàn ibẹ̀ fẹ́ràn bí ojú, tó gbé nọ́ńbà 88 sára ọkọ̀ rẹ̀ láti 2008 títí di 2017. Ó sì lè jẹ́ pé 1988 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ti kú. Ṣọ́jà tó ń gbani síṣẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìgbà wo lo fín in? Ta ló bá ọ fín in? Kí ló túmọ̀ sí? Òmíràn ńkọ́, níbo ló wà? Bó bá rí 14 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 88 yẹn, ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí 14 ni iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn kan tí àwọn tó gbà pé aláwọ̀ funfun ló ga jù máa ń há sórí. Bó bá sì rí ọkọ̀ eré ìje nísàlẹ̀ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á máa bá fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ.

Àrokò gan-an ni. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so, tí wọ́n kọjú síra, ìfẹ́ ló ń sọ. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé, bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ ò yàtọ̀ sí owó ẹyọ. Mẹ́jọ nínú òwú kan túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ kọ mẹ́jọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sára ọmọ Násì kan ní Ohio, nǹkan mìíràn ló ń wí. Ṣùgbọ́n àrokò ní ohun kan tí tátù kò ní: ó ní ẹni tí wọ́n fi rán sí. Ọba tó dì í àti ọba tó ń tú u ti jọ mọ èdè náà tẹ́lẹ̀. Ìránṣẹ́ tó ru ú gba inú igbó kọjá lè má mọ̀ bóyá àlàáfíà ni tàbí ogun, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn pé àrokò tí ìránṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé dé ló ní kí wọ́n pa á. Tátù ò ní àdírẹ́sì. Ẹni tó gbé e kiri lè jẹ́ ẹni tó di ẹrù náà, ó sì lè jẹ́ ìránṣẹ́ tí ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí ṣọ́jà yẹn ń bi ọmọ náà, ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ìyẹn lọ: ṣé ìwọ lo dì í, àbí o kàn rù ú?

Ìdí tí ìbéèrè náà fi wọ àwọn ológun lára kò jìnnà. Ní oṣù Kejìlá 1995, ní Fayetteville, ìlú tó wà lẹ́nu Fort Bragg, bárékè ológun ńlá kan ní North Carolina, àwọn ṣọ́jà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ skinhead, àwọn afáríkodoro tó ń gbé Násì lárugẹ, yìnbọn pa ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó ń rìn lọ lójú pópó. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe ju pé wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n sọ nígbà ẹjọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn apààyàn náà fẹ́ gba ẹ̀tọ́ láti fín tátù àwọ̀n aláǹtakùn, èyí tí irú wọn kà sí oyè ẹni tó ti pànìyàn. Méjì nínú wọn gba ẹ̀wọ̀n gbére. Togo West, tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba nígbà náà, gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, wọ́n sì jábọ̀ ní oṣù Kẹta 1996. Láti ìgbà náà ni wíwo tátù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Síbẹ̀, àwọ̀n aláǹtakùn kan náà lára ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí lè jẹ́ iye ọdún tó lò nínú àhámọ́, lára ọ̀dọ́ tó ń ṣe fàájì ní ìlú ńlá ó sì lè máà jẹ́ nǹkan kan.

Ta wá ni wọ́n gbé ìwé kíkà tó le tó báyìí lé lọ́wọ́? Ṣọ́jà agbanisíṣẹ́, ẹni tó ní iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ mú wá. Ibí ni àbùkù ètò yìí wà. Ní 2022, ọdún tí wọ́n tú òfin tátù ọwọ́ àti ọrùn sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 60 èèyàn ni iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ ń wá, wọn ò sì rí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 15 nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wá oníbàárà lójú méjèèjì kọ́ ló yẹ kí wọ́n tún fi ṣe adájọ́ oníbàárà. Lóòótọ́, bí ojú rẹ̀ bá kọ àmì kan, ó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Dókítà tó ń yẹ ara wò ní MEPS, ibùdó tí wọ́n ti ń yẹ ẹni tó fẹ́ di ológun wò, náà á kọ àpá àti tátù sínú fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró, etí àti orúnkún ni tirẹ̀, kì í ṣe ìtàn Násì. FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títú irú àmì báyìí, ìròyìn kan tí Pentagon, iléeṣẹ́ tó ń darí gbogbo ológun Amẹ́ríkà, kọ sí àwọn aṣòfin ní 2020 sì dábàá pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ rí ọ̀nà lò ó. Àmọ́ ẹni tí àmì kan ò bá fu lára ò ní lọ bèèrè.

Àwọn ológun fúnra wọn náà máa ń ṣi àmì kà. Ní oṣù Kejì 2012, àwòrán kan jáde tí àwọn Marine, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú ológun Amẹ́ríkà, tó jẹ́ atamátàsé yà ní Afghanistan ní 2010, àsíá tí SS wà lára rẹ̀, tí lẹ́tà méjèèjì rí bí mànàmáná, sì wà lẹ́yìn wọn. Àmì SS, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ológun Hitler, gan-an ni. Àlàyé tó jáde ni pé àwọn ọmọ náà rò pé ìnagijẹ iṣẹ́ wọn, scout sniper, ni wọ́n gé kúrú síbẹ̀. Ọ̀gá àgbà àwọn Marine tọrọ àforíjì.

Ní oṣù Kẹwàá 2025, Graham Platner, tó ń du ipò sẹ́nétọ̀ ní Maine, fi tátù agbárí kan tó wà láyà rẹ̀ hàn, èyí tó jọ àmì tí àwọn ẹ̀ṣọ́ SS ń fi sí fìlà. Ó ní Marine ni òun ní 2007 nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mutí yó tí àwọn fín in ní Croatia, òun ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé wọ́n yẹ òun wò pẹ̀lú rẹ̀ lára nígbà tí òun wọ iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ò gbà. Ti Pete Hegseth yí padà sí èyí. Ní oṣù Kìíní 2021, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú National Guard, ẹgbẹ́ ológun ìpínlẹ̀, kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá nípa ọ̀rọ̀ Látìn tó wà ní apá rẹ̀, Deus Vult, ìyẹn "Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ", wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó máa ṣọ́ ìbúra Biden. Òun ní ìgbàgbọ́ Kristẹni òun ni òun fín sára. Ẹni tó kọ̀wé ní àwọn alákatakítí ti sọ gbólóhùn náà di tiwọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà Hegseth di olórí Pentagon. Platner ní òun kàn ru ẹrù ni, Hegseth gbà pé òun lòun di tòun, àmọ́ wọ́n ṣi í tú.

Iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà kò bá ẹnikẹ́ni fa ìtumọ̀ rárá. Nínú ìkéde ìgbanisíṣẹ́ wọn, ẹni tó bá ní tátù tàbí àkọlé níbikíbi lára kò yẹ. Ó rọrùn, kò sì béèrè ọgbọ́n. Ọmọ tó fín orúkọ ìyá rẹ̀ sáyà àti ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn jọ ń padà sílé nínú ọkọ̀ kan náà.

Bí àmì náà bá ti wọlé tán tí kọmáńdà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i ńkọ́? Apá yìí ni wọ́n ti ronú jù lọ nínú òfin náà. Kọmáńdà tó lè ní kí ọmọ èèyàn sáré wọ ojú ìbọn kò lágbára láti pàṣẹ pé kó bó tátù kúrò lára. Òfin sọ ọ́ ní gbangba. Ohun tó lè ṣe ni pé kó pè é, kó ṣàlàyé fún un lórí ìwé ohun tó lòdì nínú àmì náà, kó sì fún un láyè láti rí dókítà. Ṣọ́jà náà ò lè fi báńdéèjì bò ó, kò sì lè kun àtíkè lé e. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fún un láti fèsì lórí ìwé bóyá òun á pa á rẹ́ tàbí òun á yí i padà. Bó bá kọ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ ọ́ níṣẹ́.

Èsì yẹn ló sábà máa ń fún wọn ní ohun tí agbanisíṣẹ́ wá tì. Ẹni tó kàn ru ẹrù tí ò mọ̀, bó bá ti gbọ́ ìtumọ̀, ara á ta á, á ti fẹ́ kó kúrò kó tó di alẹ́. Ẹni tó dì í fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè pa á rẹ́ kó sì tọ́jú èrò náà sínú, lésà, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa tátù rẹ́, kì í dé ibẹ̀, ètò náà kò sì ṣèlérí pé òun á dé ibẹ̀.

Ọjọ́ 15 yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí tátù gbọ́dọ̀ fi pòórá o. Ìwé ni wọ́n ń retí. Lésà máa ń gbà tó ọ̀pọ̀ ìgbà kó tó ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sáàárín kí ara tó san. Ẹni tí kò bá lè dúró lè ní kí wọ́n fín nǹkan mìíràn lé e lórí, bí Platner ti ṣe sí agbárí rẹ̀. Òfin gba ìyẹn náà.