Ẹsẹ̀ Kan Ṣoṣo Ló Wú: Ẹ̀jẹ̀ Dídì Lára Ìyá Ìkókó Tí Wọ́n Ṣiṣẹ́ Abẹ Fún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó ọmọ mi, ó di ọjọ́ 10 lónìí. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rìn. Èmi ní kó sinmi, ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀. Láti àná, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú. Ṣé kí n fi omi gbígbóná jó o, kí n sì fi òrí wọ́ ọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá wa. Ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ti Bowen àti ti LAUTECH wà nínú ìlú yín níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, tí orí ò fọ́ ọ, omi ara ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń dùn ún lẹ́yìn ojúgun, tó gbóná ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, kó bá ẹ̀jẹ̀ gòkè, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Mímí á ṣàdédé nira, àyà á máa gún un, ó lè húkọ́ ẹ̀jẹ̀, ó lè dákú. Bó bá dé ibẹ̀, kò sí pé à ń wẹ̀ ká tó jáde.

Ìbéèrè: Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ ò kéré. Báwo ni ìyókù ṣe tún ń dì?

Ìdáhùn: Ibi tó ta kókó nìyẹn. Láti inú oyún ni ara ti ń múra de ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ ìkúnlẹ̀, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìmúra yìí kì í tán lọ́jọ́ tí ọmọ jáde. Ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ ló léwu jù, díẹ̀ sì lè ṣẹ́kù títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀bẹ kan ara, ìdùbúlẹ̀ tẹ̀ lé e, ewu náà wá tó bí ìlọ́po 4 ti ẹni tó bí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà jù lára rẹ̀ gan-an, ewu tirẹ̀ tún pọ̀ sí i ni. Ẹsẹ̀ òsì ló sì máa ń ṣe jù, torí pé òpó ẹ̀jẹ̀ mìíràn gùn lé iṣan rẹ̀ nínú ìbàdí, oyún sì ti tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìbéèrè: Ìrìn ńkọ́?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì ló jàre. Ẹran ẹsẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè bí a bá ń rìn. Àmọ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ yẹn wò ná.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá fún un lábẹ́rẹ́, ṣé ó lè fún ọmọ lọ́mú?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Heparin, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn tàbí itan, kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Bí ìyàwó ọmọ yín bá jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì bẹ́ẹ̀ rí lára òun tàbí ìyá rẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà. Kó má sì lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kankan láìbéèrè.