Ẹni tó ní kò síṣẹ́ nínú sólà, ṣé ó ti wo ìdí bátìrì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi láti máa gbọ́ ní Ìkòròdú níbí. Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni ní Sábó, kí wọ́n ṣáà ti dárúkọ sólà, ẹnì kan á ní iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀, ṣebí wọ́n á gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn, wọ́n á gbowó wọn wọ́n á máa lọ, oòrùn ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì á tún fi kún un pé ó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún jẹ́ń ṣe, tó bá sì yá wọ́n á ti Egbin, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iná níbí, pa. Gbogbo ìjókòó á wá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ tó yẹ kó lọ kọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń gbà á gbọ́.

Mi ò ní jiyàn lórí bóyá sólà ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí wọ́n tún wá sọ iná Band A, ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù lójúmọ́, di náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, ojú gbogbo wa ló ṣe. Ẹ gba ọ̀nà Agric dé Gáréèjì kí ẹ gbójú sókè, orí òrùlé á sọ tẹnu ẹ̀ fún yín.

Ti Egbin náà, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n kúrò níbẹ̀. Láti 1985 ni ilé iṣẹ́ yẹn ti wà ní ọ̀nà Ijede, ẹ̀rọ mẹ́fà, mẹ́gáwáàtì 220 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀ tí gbogbo ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Gáàsì ló ń lò. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù kẹjọ 2022, tí wọ́n pè ní Energy Transition Plan, ìyẹn ètò bí a ṣe máa bọ́ sórí iná tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ò sọ pé kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ gáàsì pa lọ́la, ó fi gáàsì sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2060 ni gbèdéke tí wọ́n fi sí gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń jó irin, tó ń so páìpù, tó ń tún tránsífọ́mà ṣe níbẹ̀, kò sí ibi tí wọn ò ti ní í nílò ọwọ́ ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ pé kò síṣẹ́. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé páńẹ́ẹ̀lì nìkan ni sólà. Páńẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń rí láti títì, òun náà sì ni kì í tètè bàjẹ́, èyí tó dáa lè lo ọdún 25, kéèyàn ṣáà máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú ẹ̀. Tó bá jẹ́ páńẹ́ẹ̀lì nìkan ni, wọn ì bá jàre. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ṣú, oòrùn ń wọ̀, bátìrì ló máa ń kù, ìdí bátìrì yẹn sì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ mú bátìrì tubular kan, ìyẹn bátìrì olójé tí wọ́n ń da omi sí, fóltì 12, 220Ah (iye iná tó lè gbà), irú tó wọ́pọ̀ nílé àwọn èèyàn. Ẹ sọ 220 di ìlọ́po 12, ẹ máa rí 2,640 wáàtì-wákàtí, 1,000 ẹ̀ ló jẹ́ yúníìtì kan, ìyẹn yúníìtì iná méjì àti ààbọ̀ àti díẹ̀. Èèyàn á ní háà, ó tó. Kò tó o. Bátìrì olójé ò fẹ́ kí wọ́n fà á gbẹ, bí ìdajì ni kéèyàn máa lò nínú ẹ̀ kó tún gba oòrùn padà kó kún, torí bí wọ́n bá ń fà á dé ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ àwọn àwo òjé inú ẹ̀ á máa jẹrà. Ìdajì yẹn jẹ́ bíi 1,300. Fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, gílóòbù mélòó kan, ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ 300 wáàtì, bíi wákàtí mẹ́rin ni, kò tiẹ̀ ní pé mẹ́rin torí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ nínú iná yẹn. A ò tíì dé orí fíríìjì.

Ta ló máa bá onílé ṣe ìṣírò yìí kó tó náwó? Ẹni tó kọ́ ọ ni. Tí kò bá sí ẹni tó kọ́ ọ, onílé á ra bátìrì kan, á so fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ ọn, bátìrì á kú ní rèwerèwe, á wá máa sọ ọ́ kiri pé irọ́ ni sólà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bú sólà ní àdúgbò wa, àìsí ìṣírò yìí ló ṣe wọ́n, kì í ṣe sólà.

Gbígbé e sókè sì ni ìbẹ̀rẹ̀ o. Ẹ wo ẹni tó mọṣẹ́ níbi tó ti ń yẹ bátìrì wò. Ó máa ń ṣí ìdérí kéékèèké mẹ́fà orí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ki haidrómítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ásíìdì ṣe le tó, bọ ihò, á fa ásíìdì sókè, á wo ibi tí nǹkan tó ń léfòó nínú ẹ̀ dúró sí, á kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bọ́ sí ìkejì. Tí ihò márùn-ún bá wà ní 1.26, tí ẹ̀kẹfà wá wà ní 1.15, ó ti mọ ibi tí wàhálà wà, kò ní sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra ínfátà tuntun. Ó mọ̀ pé dísítíl wọ́tà ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀, kì í ṣe omi kànga, torí iyọ̀ àtàwọn nǹkan mìíràn inú omi kànga ń pa á. Ó mọ̀ pé wáyà tó tín-ín-rín láàárín bátìrì àti ínfátà lè gbiná. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó yẹ kó padà wá wò ó. Bátìrì lithium tó ń gbapò báyìí ò nílò omi, ó sì ń pẹ́ ju olójé lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kan wà nínú ẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, ẹni tó lè tún bọ́ọ̀dù yẹn ṣe ò pọ̀, ìyẹn náà iṣẹ́ ni.

Ta ló sì sún mọ́ iṣẹ́ yìí jù? Àwọn tí wọ́n ní sólà fẹ́ pa lẹ́nu náà ni. Rìwáyà tó ti ń wé kọ́ìlì jẹ́ń láti ọdún yìí wá, ó mọ mítà lò, ó mọ wáyà tó yẹ fún iná tó pọ̀, ó mọ iná tó ń gbéni. Kí lẹ fẹ́ kọ́ ọ tí kò ní gbọ́? Ẹni tó tún ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò nílò kí apá ẹ̀ le tó ti ẹni tó ń gbé ẹ́ńjìnnì.

Àwọn tó fẹ́ràn sólà náà, mo ní ẹjọ́ lọ́rùn wọn. Wọ́n rò pé ohun tó bá ti jẹ́ ti oòrùn mọ́ tónítóní láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni bátìrì ń lọ tó bá kú. Ju ìdajì ìwọ̀n bátìrì tubular lọ jẹ́ òjé. Àwọn tó ń fọmọlanke ra kọ́ńdẹ̀mù kiri ló ń rà á, ẹlòmíì nínú wọn á fi àáké là á, á da ásíìdì sí gọ́tà, á kó àwo òjé sínú àpò, ó di ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ ò jìnnà sí wa rárá, Ogijo ni, ẹ kọjá Odogunyan díẹ̀ ẹ ti débẹ̀. Ní 2025, The New York Times àti The Examination, àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde lórí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé níbẹ̀. Èèyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ló gbà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò, méje nínú mẹ́wàá ni òjé tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá wà lára wọn. Òjé náà wá ń lọ sínú bátìrì mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Bátìrì mọ́tò ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń yọ́, ṣùgbọ́n iná kan náà ló ń yọ́ ti ínfátà yín.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé tó kéré tó fi dáa lára. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bá jà jù. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, ọmọ tó kú ju 400 lọ, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ òjé láìsí ìbọ̀wọ́ láìsí ìbòmú ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, wọ́n á ka òun náà mọ́ àwọn tó rí iṣẹ́, eruku tó wà lára aṣọ ẹ̀ ló sì ń gbé lọ bá ọmọ ẹ̀ nílé. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ la fẹ́?

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè máa pàtẹ́wọ́ tí wọ́n bá ti ń ka iye iṣẹ́. Ètò 2022 yẹn ní iṣẹ́ 340,000 máa wà tó bá fi máa di 2030, kó tó 840,000 tó bá di 2060. Inú mi á dùn tó bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo, eélòó lóṣù, ta ló ń san owó dókítà tí ásíìdì bá ta sí ọmọṣẹ́ lójú? IRENA, àjọ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ yìí lágbàáyé, ní mílíọ̀nù 16.2 ni iṣẹ́ tó wà nídìí iná oòrùn, atẹ́gùn, omi àti irú wọn ní 2023, mílíọ̀nù 7.4 nínú ẹ̀ sì wà ní Ṣáínà. Àwọn ló ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì. Tiwa ni gbígbé e sókè, títọ́jú ẹ̀, àti ríro ibi tí òkú ẹ̀ máa lọ. Bí a bá gbé gbogbo ìyẹn jù sílẹ̀ pé kò síṣẹ́ níbẹ̀, kí ló wá kù fún wa?

Àwọn tó ń bẹ̀rù ò sì bẹ̀rù lórí asán. A ti ṣe irú ìyípadà yìí rí ní Nàìjíríà. Èédú Enugu ló ń fa rélùwéè, òun ló ń fúnni níná, awakùsà 21 ni ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó yìnbọn pa ní Iva Valley ní oṣù kọkànlá 1949. Nígbà tó yá rélùwéè bọ́ sórí dísù, iná bọ́ sórí gáàsì àti omi, iná omi Kainji dé ní 1968, Coal City tí wọ́n ń pe Enugu wá di orúkọ lásán, ọ̀pọ̀ awakùsà sì ń retí owó ìfẹ̀yìntì títí ó fi sú wọn. Ní Jámánì, nígbà tí wọ́n ṣòfin ní 2020 pé àwọn á kúrò lórí èédú tó bá fi máa di 2038, bílíọ̀nù 40 yúrò ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àdúgbò tí èédú ń bọ́. Mi ò sọ pé a lówó Jámánì. Mo ń sọ pé ẹnì kan jókòó bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn yìí, kó tó ti nǹkan pa.

Torí náà mi ò ní ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé sólà máa fún gbogbo ọmọ Ìkòròdú níṣẹ́. Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tó ń ta epo ò ní rí nǹkan kan fi rọ́pò ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò sì tíì rí ẹni náà. Mo kàn mọ̀ pé “kò síṣẹ́ níbẹ̀” ò lè dúró níwájú ẹni tó ti tọ́jú bátìrì rí.

Tí ti yín bá wá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á nínú kọ́ḿpáùǹdì yín. Ẹ gbé e lọ lódindi fún ẹni tó ń ta tuntun, ọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ owó ẹ̀ kúrò nínú owó tuntun. Ẹ má tú ásíìdì inú ẹ̀ dànù nítorí kó lè fúyẹ́, ẹ má sì gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ọmọ yín láti kọ́ ọ ní sólà ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bi í bóyá ọmọ náà máa fọwọ́ ara ẹ̀ di haidrómítà mú, àbí ìwé ẹ̀rí nìkan ló máa gbà lọ sílé.