Ṣé Ọtí Ni Ará Oko Máa Ń Fi Owó Ìrànwọ́ Mu?

Ẹ dá ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó tó ń lọ láti Òyìngbò sí Òṣòdì. Ẹ ò ní tíì dé Ojúẹlẹ́gba tí ẹnìkan á fi dá yín lóhùn: "Ẹ fún ará oko lówó? Ògógóró ni wọ́n á fi mu. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á fi fẹ́ ìyàwó." Ẹlòmíì á ní bí wọn ò bá tiẹ̀ mu ún, wọn ò ní yọjú sóko mọ́. Ẹni tó mọ̀wé jù nínú ọkọ̀ á wá fi adé lé e: kàkà kéèyàn fún tálákà lẹ́ja, kó kúkú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pẹja.

Òwe ẹlẹ́ja yẹn kì í ṣe tiwa. Mi ò sì mọ bí ẹni tó ti gba orí Third Mainland kọjá, tó rí Mákòókó lórí omi nísàlẹ̀, ṣe lè máa pa á. Ta ló fẹ́ kọ́ àwọn yẹn ní ẹja pípa? Àwọ̀n ló gbó, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló kú, owó tí wọ́n á fi ra òmíràn ni ò sí. Àgbẹ̀ náà mọ ìgbà tó yẹ kó gbin àgbàdo, ó mọ ajílẹ̀ tó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, àpò rẹ̀ ló gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ọtí yìí ti kúrò ní ohun tí à ń fẹnu jà sí, torí pé àwọn èèyàn ti lọ wò ó. Ní 2014, David Evans àti Anna Popova ti Báńkì Àgbáyé kó ìwádìí 19 jọ láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, lórí ohun tí àwọn tó gba owó ìrànwọ́ fi owó wọn ṣe. Wọn ò rí i pé ìnáwó lórí ọtí àti sìgá lọ sókè. Níbi púpọ̀, ńṣe ló tún wálẹ̀. Ọ̀mùtí wà lóko o, bó ṣe wà ní Múṣin àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí ti ń mu kí owó tó dé, ẹni tí kì í mu kò sì bẹ̀rẹ̀ torí pé owó dé.

Ti Monrovia, olú ìlú Liberia, ló yà mí lẹ́nu jù. Olùwádìí kan, Chris Blattman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin ojú títì níbẹ̀ ní 200 dọ́là: àwọn tó ń jalè, àwọn tó ń ta oògùn olóró, irú àwọn tá a máa ń di àpò wa mú nítorí wọn lábẹ́ afárá Òṣòdì. Owó náà bá oúnjẹ lọ, ó bá aṣọ lọ, ó bá owó ilé àti òwò kéékèèké lọ. Òwò náà ò tọ́jọ́, kí ọdún tó yípo èrè rẹ̀ ti tán. Àmọ́ wọn ò kó o sínú oògùn bí gbogbo wa ì bá ti búra pé wọ́n á ṣe.

Kí ló dé tí irọ́ yìí ò fi kú? Mo rò pé torí pé ọ̀mùtí kì í fara pamọ́ ni. Ẹni tó bá mu paraga yó, gbogbo àdúgbò ló rí i. Ẹni tó lọ san owó ilé ìwé ọmọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ariwo rẹ̀. Ohun kejì ni pé ìrànwọ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ kò ju ti àsìkò ìdìbò lọ, "dìbò kó o sebẹ̀", owó péréte tó dé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin. Kí ni kí èèyàn fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ju kó jẹ ẹ́ lọ?

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí owó gidi ti dé. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, nítòsí Adágún Victoria, Siaya wà níbẹ̀, níbi tí Kogelo, abúlé àwọn bàbá Obama, wà. Àjọ kan tó ń jẹ́ GiveDirectly fi nǹkan bí 1,000 dọ́là ránṣẹ́ sí ìdílé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta, tààrà sórí fóònù wọn. Àwọn ìdílé tó gbà á lé ní 10,000. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ ilé koríko ni wọ́n kà sí tálákà. Wọn ò ní kó kọ̀wé pé òwò báyìí lòun fẹ́ ṣe, wọn ò ní kó dá a padà.

Ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé bí owó bá ya wọ abúlé báyìí, ọjà á gbówó lórí, ìyà á sì jẹ ẹni tí kò rí gbà. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, iye ọjà ò lé ju nǹkan bí ìdá 0.1 nínú 100 lọ. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó bá ti gbé abúlé rí. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, ó ń jókòó ni láti àárọ̀, ó ń retí oníbàárà. Bí oníbàárà mẹ́wàá bá wá dípò mẹ́ta, kò ní ra ẹ̀rọ tuntun, kò sì ní fi kún owó rẹ̀, ọwọ́ tó ti dilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kàn máa ṣiṣẹ́. Owó náà wá ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Dọ́là kan tó wọlé di nǹkan bí 2.5 nínú ọrọ̀ ajé àdúgbò náà, àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ pàápàá sì jẹun dáadáa sí i. Ẹ bi àwọn ìyálọ́jà Òkè-Àrín tí wọ́n ń ta mílíìkì àti ṣúgà fún àwọn tó ń tà á lóko. Bí ọjà bá ń lọ lóko, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ti ọ̀lẹ ńkọ́? Abhijit Banerjee, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ètò owó ìrànwọ́ 7 wò ní orílẹ̀-èdè 6, látorí Mexico dé Indonesia. Wọn ò rí ẹ̀rí pé àwọn tó gbà á dín iṣẹ́ kù. Ní Siaya, àwọn kan dín in kù ṣá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

Àwọn aláboyún ni, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2025 fi hàn pé nínú àwọn ìdílé tó gba owó yìí, ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan wálẹ̀ ní ìdá 48 nínú 100. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Àwọn ìyá túbọ̀ ń bímọ ní ilé ìwòsàn torí pé owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú wà. Nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá sì súnmọ́, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá bí, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Obìnrin tí ì bá máa ro oko pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ nínú jókòó sílé. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní ọ̀lẹ, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ìrànwọ́ náà sì ṣiṣẹ́ jù níbi tí dókítà bá wà nítòsí, owó ò lè kọ́ ilé ìwòsàn tí ìjọba ò kọ́.

Àwa náà ò jìnnà sí i. Ní Zamfara àti Jigawa, ètò kan fún àwọn aláboyún ní 3,500 náírà lóṣù, tó di 4,000 nígbà tó yá, títí ọmọ á fi pé ọdún méjì, pẹ̀lú ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ. Àwọn ọmọ náà dàgbà dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ọ̀pọ̀ ìyá sì fi díẹ̀ ra ẹran ọ̀sìn. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2016 jẹ́ 5,000 náírà lóṣù. Ọdún ń gorí ọdún, 5,000 náà ni, ìrẹsì ń fò. Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n kéde 25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15, láti fi dín ìnira tó tẹ̀lé yíyọ owó ìrànwọ́ epo kù. Nígbà tó di oṣù kìíní 2024, wọ́n ti dá ètò náà dúró fún ìwádìí. Ìwádìí náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín owó ló dá lé, kì í ṣe ìyá kankan tó fi ra ọtí lóko.

Mi ò sọ pé owó ń parí ìṣẹ́ láéláé. Ní àríwá Uganda, ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́ ní owó tó tó nǹkan bí 380 dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan láti fi kọ́ṣẹ́, kí wọ́n sì ra irinṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, owó tó ń wọlé fún wọn ju ti àwọn tí kò gbà lọ dáadáa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tí kò gbà ti lé wọn bá. Wọ́n tètè débẹ̀ ni, ọdún tí wọ́n fi ṣáájú yẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń tọ́mọ.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú dáńfó yẹn ni pé gbogbo wa là ń fún ará oko lówó. Kí POS tó dé, inú àpò ìwé là ń fi í sí, à ń kó o fún dẹ́rẹ́bà ní Jibówú. Ní báyìí, fóònù ni. Kò sẹ́ni tó ń bi ìyá rẹ̀ pé kó kọ ètò ìnáwó wá. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni bá a ṣe ń fi ránṣẹ́, Rarieda, tó wà ní Siaya kan náà, sì ti dáhùn rẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Johannes Haushofer àti Jeremy Shapiro, fún àwọn kan ní tiwọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ń fún àwọn yòókù lóṣooṣù. Bí wọ́n fún ọkọ tàbí ìyàwó, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Èyí tó ń wá lóṣooṣù bá oúnjẹ lọ. Èyí tó dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan di páànù orí ilé àti ẹran ọ̀sìn. Páànù yẹn lè jọ fàájì lójú ará Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra koríko tuntun ṣáá láti fi bo ilé mọ ohun tó ń gbà á lọ́wọ́.

Bí ebi bá ń pa wọ́n nílé, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó já. Bí ó bá jẹ́ òrùlé tó ń jò tàbí ewúrẹ́ ni wọ́n ń wí, ẹ kó ti oṣù mélòó kan jọ sọ́dọ̀ alájọ yín kó tó lọ, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tó máa dé fún wọn kí wọ́n lè ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ sílẹ̀.