Kí ni firmware, kí ló sì dé tí Wi-Fi kì í fi í hàn lórí Linux tuntun?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i fúnra wọn, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: ohùn ń jáde, àwòrán ń hàn, kọ̀ǹpútà sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àmì Wi-Fi kò sí níbì kankan lójú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí wọn lọ́kàn ni pé káàdì Wi-Fi ti bàjẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń múra àtilọ ra òmíràn ní Kútọnu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, káàdì yìí kan náà ló ń gbé wọn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lánàá, nígbà tí Windows ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó sọnù, lọ́pọ̀ ìgbà, ni firmware, tí àwọn tó fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní micrologiciel.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù wò ó. Igi tí agbẹ́gi ti gbẹ́ fún gángan, bí kò bá tíì sí awọ lójú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé kì í ṣe ìlù, ṣùgbọ́n kò lè dún. Káàdì Wi-Fi ni igi yẹn. Onílù ni driver, èyí tí Faransé ń pè ní pilote: inú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ló ń gbé, òun ló sì mọ bí a ṣe ń lu irú ìlù bẹ́ẹ̀. Awọ ni firmware, ìyẹn ètò kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì Wi-Fi kì í tọ́jú ètò yìí nígbà tí iná bá ti kúrò lára wọn, nítorí náà ní gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà ni driver ní láti lọ mú fáìlì rẹ̀ nínú àpò tí à ń pè ní /lib/firmware, kí ó sì gbé e wọ inú káàdì, bí ìgbà tí à ń bo ìlù lọ́tun ní àràárọ̀. Bí fáìlì náà kò bá sí níbẹ̀, onílù ti dé, igi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù kò ní dún.

Kí ló wá dé tí ẹni tó to Linux jọ kò fi fáìlì náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀? Kernel tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Firmware kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì ló ni ín, wọn kì í sì í fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ han ayé. Àwọn Debian, ẹgbẹ́ tó ń to irú Linux kan jọ, tí wọ́n sì di ìlànà òmìnira yìí mú gírígírí, kò fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú ètò ìfisórí wọn gan-an títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2022, tí Debian 12 sì gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹni tó bá wá lo Debian 11 láti inú USB àtijọ́ kan tí ọ̀rẹ́ yá a, kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu pé Wi-Fi kò dìde. Ní ti àwọn káàdì Broadcom àtijọ́ kan tó ń lo driver b43, ọ̀rọ̀ tiwọn tún le díẹ̀, nítorí kò sí àṣẹ láti pín firmware wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ gbà á.

Láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ ṣí tẹ́mínà, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń fi ọwọ́ tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ lspci -nnk, kí ẹ wá ibi tí ó ti kọ Network controller. Bí káàdì bá jẹ́ èyí tí à ń ki bọ USB, lsusb ni kí ẹ tẹ̀. Nínú ìdáhùn lspci, nọ́ńbà tó wà níwájú nínú àmì ìdánimọ̀ ń sọ ilé-iṣẹ́ tí káàdì ti wá: 8086 ni Intel, 10ec ni Realtek, 14e4 ni Broadcom. Bí ẹ bá rí Kernel driver in use nísàlẹ̀ rẹ̀, onílù wà lórí ìjókòó. Kí ẹ wá tẹ sudo dmesg | grep -i firmware. Bí ìdáhùn bá ní failed to load, tí orúkọ fáìlì kan àti -2 sì tẹ̀ lé e, ọ̀ràn ti yé wa, nítorí ohun tí -2 yẹn ń wí ni pé òun wá fáìlì náà, òun kò rí i. Bí kò bá sí driver rárá, ó lè jẹ́ pé káàdì ló kéré lọ́jọ́ orí ju kernel lọ: Intel AX210, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ kernel 5.10 sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni 4.19 ni Debian 10 gbé wá. Àṣẹ uname -r ni yóò sọ èyí tí ẹ ní.

Ìgbà mìíràn wà tí firmware wà nílé, tí driver náà wà, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì. Ará Kétu tó mọ Àkábà Ìdénà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú wọn, kò ní pẹ́ lóye èyí. Ẹ tẹ rfkill list. Bí ó bá ní Soft blocked: yes, sudo rfkill unblock wifi yóò ṣí i. Bí ó bá jẹ́ Hard blocked, kò sí àṣẹ tó lè ṣí i láti inú. Ẹ wá bọ́tìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ di Fn mú pẹ̀lú bọ́tìnì tó ní àwòrán ẹ̀rọ Wi-Fi lórí. Mo ti tú ìdí kọ̀ǹpútà kan láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán rí, kí n tó rí i pé irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé kan fi ọwọ́ tì pa.

Bí ó bá jẹ́ firmware ló sọnù, ìbéèrè tó kàn ni bí a ó ṣe rí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó fi wá ohun tí yóò fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù Android ni ojútùú rẹ̀. Ẹ fi wáyà USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ wọ inú ètò fóònù, kí ẹ ṣí pípín ìsopọ̀ nípasẹ̀ USB, Linux yóò sì rí i bí ẹni rí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, nítorí driver tí èyí ń fẹ́ ti wà nínú kernel. Lórí Debian 12, ẹ rí i dájú pé non-free-firmware wà nínú ìlà ibi tí apt, ètò tó ń bá wa gba àwọn ètò mìíràn wá, ti ń gba nǹkan, kí ẹ ṣe sudo apt update, kí ẹ sì fi firmware-iwlwifi sí i bí káàdì bá jẹ́ Intel, tàbí firmware-realtek bí ó bá jẹ́ Realtek, lẹ́yìn náà kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn. Àwọn tó ń lo Linux Mint ní Driver Manager tó ń ṣe èyí fún àwọn káàdì Broadcom kan láìsí àṣẹ títẹ̀. Bí driver tí a fi ọwọ́ fi sí i bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ wò ó bóyá Secure Boot, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ètò tí kò ní àmì ìfọwọ́sí, wà ní títàn. Àṣẹ mokutil --sb-state yóò sọ fún yín.

Ó ku ẹjọ́ kan tí kò kan firmware, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn níbí ju ibòmíràn lọ. Wi-Fi hàn, orúkọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì hàn, ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni wọn kò gbà. Pátákó ìtẹ̀wé Faransé ni à ń lò, bí ẹni tó fi Linux sí i bá sì yan ti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ A, Q ló jáde, ẹ tẹ M, àmì mìíràn ló jáde, nọ́ńbà pẹ̀lú yóò sì di àmì, àmì dúdú tó bo ọ̀rọ̀ náà kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sínú ìwé kan lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí ojú yín ti lè rí i, kí ẹ tó sọ pé káàdì ti bàjẹ́.